Ìdèná Ẹnu Àpò

Ọjọ́ kìíní ọdún yìí ni mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé títí ọdún yóò fi parí, n kò ní náwó sí nǹkan kan àfi oúnjẹ, oògùn, owó ọkọ̀, owó ilé-ìwé àbígbẹ̀yìn mi, àti òwú tí mo fi ń ránṣọ. Aránṣọ ni mí ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ohun tó fà á ni pé mo tú àpótí mi wò lópin ọdún tó kọjá, mo bá aṣọ mẹ́rìnlá níbẹ̀ tí n kò tíì rán. Kì í ṣe ti oníbàárà o. Tèmi ni gbogbo wọn.

Mo sọ ẹ̀jẹ́ náà ní Ìdèná, mo yá a lára Àkàbà Ìdèná, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Bí nǹkan bá wù mí, màá bi ara mi léèrè pé, “Ṣé èyí kọjá Ìdèná?” Bàtà kò kọjá. Ìborùn kò kọjá. Ẹni tó bá mọ ìtàn wa lè fi mí rẹ́rìn-ín: àwọn ọmọ ogun Dàhómì dó ti ìlú yìí títí ebi fi wọlé, wọ́n sì pa á run ní 1886. Ebi kì í bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ oníbodè.

Ebi tèmi dé ní oṣù kẹta, nígbà tí mo lọ ra òwú ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Àwọn tó ń gbin òdòdó tà to wọ́n sẹ́bàá títì nínú ọ̀rá dúdú, bougainvillea kan sì wà láàárín wọn, pupa rẹ̀ ń fà sí àlùkò, bí ẹni pé wọ́n rẹ ẹ́ láró lánàá. Ọmọkùnrin tó ń tà á pè é ní 2,000 sẹ́fà. Mo ní mo kàn ń kọjá lọ ni. “Ìyá mi, ẹ mú 1,500 wá.” Onízẹ́mìjàn, ọlọ́kadà tó gbé mi, ti ń fun fèrè.

Bí ọkàn mi ṣe di lọ́yà lójú ẹsẹ̀ yà mí lẹ́nu. Ó ní òdòdó kì í ṣe aṣọ, kò lè wọnú àpótí. Ó ní ẹwà, oúnjẹ ojú ni, oúnjẹ sì kọjá Ìdèná. Nígbà tí ìyẹn kò ta, ó gbé Bíbélì: ṣebí Jésù fúnra rẹ̀ ló ní kí a kíyè sí òdòdó inú ìgbẹ́, tó fi Sólómọ́nì wé e? Ibẹ̀ ni mo ti mú un. Kí a kíyè sí i ni Jésù wí. Kò ní kí a rà á. Ẹ̀rín pa mí lójú títì. Ọmọ náà rò pé iye tó pè ni mò ń fi rín, ó já a sí 1,200. Mo sáré gun zẹ́mìjàn.

Mo ro ẹjọ́ fún Alájà tí a jọ ń gbé àdúgbò. Ó ní, “Aránṣọ, bí mo bá gbààwẹ̀, tí mo wá ń ro àkàrà láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, lóòótọ́ n kò jẹun. Àmọ́ ààwẹ̀ wo ni mo gbà? Wá gé pérégún lẹ́yìn ilé mi, kí ojú rẹ rí ewé.”

Pérégún! Ojú tì mí láti sọ pé n kò fẹ́. Òun ni wọ́n fi ń pààlà oko, òun ló wà lójúbọ. Gé e, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó hù. Ta ní ń rà á? Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wá àwáwí, mo rí ara mi. Bó bá ṣe ewé tútù ni mo ń wá, mo ti rí i. Ohun tí àlejò yóò dúró wò lẹ́nu ọ̀nà mi ni mo ń wá, tí yóò ní, “Níbo lẹ ti rí èyí?”

Bougainvillea kúkú kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Ní Rio, ní Brazil, ni onímọ̀ ewéko ará Faransé kan, Commerson, ti já a ní 1767, ó sì fi orúkọ Bougainville, olórí ìrìn-àjò wọn, sọ ọ́. Brazil yẹn kan náà ni wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ lẹ́rú. Ní Bahia títí dòní, Ketu ni wọ́n ń pe ẹ̀ka ẹ̀sìn Candomblé kan tó gbajúmọ̀, òrìṣà Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni wọ́n mọ̀ sí ọba Kétu, wọ́n sì ń lo pérégún, orúkọ yẹn náà ni wọ́n ń pè é. Àwọn tí wọ́n gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ wọn kò gbàgbé pérégún. Èmi tí pérégún wà lẹ́yìn ilé aládùúgbò mi, òdòdó Brazil ni mò ń lálàá rẹ̀. N kò bú òdòdó náà o. Kò mọ ohun tó ń lọ.

Mo gé mẹ́ta, mo gbìn wọ́n sẹ́nu ọ̀nà. Wàhálà tún gba ibòmíràn yọ: omi. Orí òkè ilẹ̀ pupa la wà ní Kétu, kànga jìn, omi kì í ṣe ohun à ń dà nù. Ewé ọ̀fẹ́ wá ń mu omi olówó. Ṣé omi ewé kọjá Ìdèná? Mo rò ó fún ọjọ́ méjì gbáko. Ní báyìí, omi tí mo fi ṣan aṣọ ni mò ń bù sí i. Méjì ti yọ ewé, ìkẹta ń ronú.

Lóṣù tó kọjá, òwú tún gbé mi dé Àjàṣẹ́. Ọmọkùnrin yẹn dá mi mọ̀. Ta ló rán mi tí mo fi béèrè iye òdòdó rẹ̀? Ó ní, “Ìyá mi, ó ti di 2,500.” Ara tù mí, inú sì bí mi, lẹ́ẹ̀kan náà. Onízẹ́mìjàn ti tún ń fun fèrè.