TA NI A FI SÍLẸ̀ LẸ́YÌN?

Bíbélì kíkà: 1 Sámúẹ́lì 30:9-25

Ẹ bá mi fi ojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin ará Íjíbítì tí àwọn ọmọ ogun Dáfídì rí nínú pápá. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí oúnjẹ àti omi ti kan ẹnu rẹ̀ kẹ́yìn. Kì í ṣe ọ̀tá ni ó ṣe é léṣe. Ọ̀gá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń rìn ni ó jù ú sílẹ̀, nítorí pé ara rẹ̀ kò yá. Nígbàkigbà tí mo bá ka ibẹ̀, n kì í lè kà á kọjá kíákíá, nítorí mo mọ ọ̀gá náà. Èmi ni.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin tí a jọ dàgbà ní Ìgbàrà-Òkè, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnrúlùú, gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, a ní a fẹ́ rin etí òkun láti ilẹ̀ Benin dé Gánà. Ọmọ òkè ni wá. Odò ni a mọ̀, a kò mọ òkun. Owó ọwọ́ wa kò pọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn kí ó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Nítorí náà, ìwé ìrìnnà àti yẹ́lò káàdì ni a mú dání, pẹ̀lú gàrí, ṣúgà àti ìkòkò kékeré kan. Ọ̀kan nínú wa, tí ó kọ́ èdè Faransé ní yunifásítì, ni ó gbé báàgì tí ó wúwo jù.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ Faransé yẹn sọ́kàn. Bí a ti kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ báyìí, Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ kò wúlò mọ́. Ní Kùtọnu, òun ni ó ń bá ọlọ́kadà dúnàádúrà, òun ni ó ń béèrè ibi tí a ó sùn. Ní Ouidah, òun ni ó ń túmọ̀ fún wa bí a ti ń fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà tí wọ́n fi ń da àwọn ẹrú lọ sí etí òkun, títí a fi dé Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tí wọ́n kọ́ sí etí òkun náà ní àwọn ọdún 1990. Ní Grand-Popo, a bá àwọn apẹja fa àwọ̀n láti inú òkun lábẹ́ àwọn igi àgbọn. Orin ni wọ́n fi ń fà á. Wọ́n fún wa ní ẹja, a sun ún, a jẹ gàrí lé e. N kò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn ní ọjọ́ náà bí ẹni pé ayé kò ní ìṣòro kankan.

Ní Lómè, olú-ìlú Tógò, ni ibà ti mú un. Ó ń gbọ̀n, ó ń làágùn, ó ń bì. Wàyí o, Lómè fi ẹ̀gbẹ́ kan ẹnubodè Gánà. Ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn láti inú ìlú náà bọ́ sí Aflao, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń sọ ní òdì kejì. Ẹ rí i bí èṣù ṣe ń bá ènìyàn ṣe ìṣirò? Kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ jáde nínú àwa mẹ́ta, ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a mọ̀ pé a kò nílò ẹnu rẹ̀ mọ́. A ra oògùn, a san owó yàrá ọjọ́ mẹ́ta, a fi owó díẹ̀ sí abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. A ní a ó gbé e bí a bá ń padà bọ̀. Ó ní, "Ẹ máa lọ." A gba ìyẹn bí ìyọ̀ǹda. Ará mi, bí aláìsàn bá ní kí ẹ máa lọ, ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó gbé báàgì.

Ní Àkírà, owó cedi ayé ìgbà náà, kí wọ́n tó gé òdo mẹ́rin kúrò lára rẹ̀ ní 2007, kún àpò wa bí ewé. A ń pe ara wa ní olówó, a ń rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì a dé Cape Coast. Ẹni tí ó mú wa yí ilé olódi náà ká mú wa sọ̀kalẹ̀ lọ sí ihò tí wọ́n ń kó àwọn ọkùnrin ẹrú sí. Òkùnkùn ni, àfi ihò kéékèèké tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé lókè. Nígbà tí a jáde, ó na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ṣọ́ọ̀ṣì wọn nìyẹn." Lórí ihò náà gan-an ni ilé ìsìn wà! Philip Quaque, ọmọ bíbí ilẹ̀ yẹn, tí ó jẹ́ ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi joyè àlùfáà nínú Ìjọ Áńgílíkà ní 1765, ṣiṣẹ́ àlùfáà ní ilé olódi yìí láti 1766 títí ó fi kú ní 1816. Ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún wọ̀nyí, títí Gẹ̀ẹ́sì fi fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ìsìn ń lọ lókè, ènìyàn ń kérora nísàlẹ̀. N kì í ṣe onídàájọ́ rẹ̀. Ní tèmi, ohun tí mo gbọ́ lọ́kàn mi lórí àtẹ̀gùn yẹn ni pé: èmi tí mo gbàdúrà lówùúrọ̀ yìí, tí mo kọrin, ta ni mo fi sí ìsàlẹ̀?

Mo ní kí a padà. Ẹnìkan ní Elmina kò jìnnà mọ́, pé ilé olódi tí àwọn Potogí kọ́ ní 1482 wà níbẹ̀, kí a kàn yọjú sí i. Òun lọ. Àwa méjì padà.

Nígbà tí a dé Lómè, yàrá ti ṣófo. Ẹ gbọ́ o: a kò lè béèrè! Ẹni tí ó yẹ kí ó bá wa béèrè ni a ń wá. Onílé ń sọ Faransé, àwa ń sunkún ní Yorùbá. Nígbẹ̀yìn, ó fà mí lọ́wọ́ bí afọ́jú lọ sí ọjà, sí ṣọ́ọ̀bù ìyá Ìjẹ̀ṣà kan tí ń ta aṣọ. Ìyá yìí ni onílé ránṣẹ́ pè ní òru tí ọ̀rẹ́ wa ń ṣọ̀ràn-án nínú ibà, tí ó ń pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó sì tẹ́ ẹní fún un ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. A dọ̀bálẹ̀. Ìyá kò dáhùn ìkíni wa. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ bá a wá? Ilé ta ni ẹ fẹ́ kí n gbé òkú rẹ̀ lọ?"

Bí a ti ń padà sílé, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa, síbẹ̀ òun náà ni ó ń bá wa sọ Faransé ní gbogbo ibodè títí dé Sẹ̀mẹ̀. Ẹ wo ará Íjíbítì náà: ẹni tí Ámálékì sọ nù ni ó mọ ọ̀nà tí Dáfídì gbà dé ibi tí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wà.

Ó tó ọdún méjì kí n tó ní ìgboyà láti lọ bẹ̀ ẹ́ ní ilé bàbá rẹ̀. Ó ní, "Ibà kọ́ ni ó dùn mí. Mo gbọ́ ẹ̀rín yín bí ẹ ti ń gbé báàgì jáde."

Ẹnìkan lè sọ pé Pọ́ọ̀lù náà fi ọ̀rẹ́ sílẹ̀. Òótọ́ ni. Nínú 2 Tímótì 4:20, ó fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù, ìlú etí òkun, nínú àìsàn. Ìwé Mímọ́ kò sọ ìdí rẹ̀, ìgbà mìíràn sì wà tí iṣẹ́ kò ní lè dúró. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí Pọ́ọ̀lù wà nígbà tí ó kọ ọ́: inú ẹ̀wọ̀n ni, ikú ti súnmọ́ ọn, síbẹ̀ Tírófímù kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Dáfídì pẹ̀lú fi igba ọkùnrin tí ó rẹ̀ sílẹ̀ létí odò Bésórì. Nígbà tí ó padà, ó kí wọn, ó sì pín ìkógun fún wọn bákan náà pẹ̀lú àwọn tí ó lọ sójú ogun. Àwọn ènìyàn búburú inú wọn kò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo inú ìjọ wa. Bàbá tí ó ń wa bọ́ọ̀sì wa nígbà tí a kò ní ju bọ́ọ̀sì kan lọ, tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dúró sílé, ta ni ó lọ kí i kẹ́yìn? Arábìnrin tí ó máa ń se oúnjẹ fún àwọn àlejò ìsọjí, tí ọjà rẹ̀ jóná, ṣé a ṣì mọ ilé rẹ̀? Arákùnrin tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí a máa ń pè ní gbogbo ọ̀sẹ̀ nígbà tí ó ń fi owó ránṣẹ́ fún ilé Ọlọ́run, ìgbà wo ni a pè é láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Wọ́n lè ti sọ fún wa pé kí a máa lọ. Kí ẹ tó jáde lọ sí ibi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí, ẹ dárúkọ ẹnìkan láàárín ara yín nínú ilé, kí ẹ sì pè é, tàbí kí ẹ yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

ÀDÚRÀ: Baba, dárí ẹ̀rín mi jì mí. Ẹni tí mo fi sílẹ̀ nígbà tí ìwúlò rẹ̀ tán lójú mi, fi orúkọ rẹ̀ sí mi lọ́kàn nísinsìnyí. Bùkún fún àwọn àjèjì tí wọ́n tẹ́ ẹní fún un nígbà tí n kò sí níbẹ̀. Mú mi padà sọ́dọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ òní tó ṣú, ní orúkọ Jésù. Àmín.