Ṣé Ìrọbí Ń Dun Ẹran?



Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ Ifá lọ́dọ̀ mi ló bi mí ní ìbéèrè yìí láàárọ̀ ọjọ́ tí ewúrẹ́ wa bímọ. Ó ní, "Bàbá, bí obìnrin bá ń rọbí, á ké, á pe ìyá ẹ̀. Ewúrẹ́ yìí ò pariwo rárá. Ṣé ó tiẹ̀ ń dùn ún ni?" Mi ò lè dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Èmi fúnra mi ni mo so ewúrẹ́ náà mọ́ èèkàn lálẹ́, tí mo ké okùn rẹ̀ kúrú, torí ó ti wọ oko ẹ̀gẹ́ aládùúgbò. Mo mọ̀ pé ó lóyún. Oyún ewúrẹ́ ò ju nǹkan bí 150 ọjọ́ lọ, mo sì ń kà á, àmọ́ mo ní ó ṣì ku díẹ̀. Lóru, mo gbọ́ tó ń fẹsẹ̀ ha ilẹ̀, tó ń dìde, tó tún ń dùbúlẹ̀. Mo yíra padà, mo sùn lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ méjì ló bí. Ọ̀kan ń mu ọmú. Èkejì ti yí lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibi tí okùn ò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ dé láti lá a. Ó ti kú. Ìyá ń na ọrùn sí i, okùn ń fà á padà.

Ẹ gbọ́ o, àìpariwo kọ́ ni àìsí ìrora. Ẹran tí ẹkùn ń pa jẹ kì í kéde ìrora rẹ̀, torí ariwo ló ń pe ẹkùn. Ẹ wo ewúrẹ́ tó ń rọbí dáadáa: á payín keke, á máa kùn, á wá ibi kọ́lọ́fín lọ. Omi ara kan náà, tí àwọn dókítà ń pè ní oxytocin, ló ń mú kí ilé ọmọ sún kì, ì báà ṣe ti obìnrin, ì báà ṣe ti ewúrẹ́. Lóòótọ́, tiwa le ju ti ọ̀pọ̀ ẹran lọ, torí orí ọmọ wa tóbi, ìbàdí wa sì há. Ṣùgbọ́n kékeré ìrora, ìrora náà ni.

Ní 2012, àwọn onímọ̀ ọpọlọ kan péjọ sí Cambridge, wọ́n fọwọ́ sí i pé kì í ṣe ènìyàn nìkan ló ní ọpọlọ tó ń jẹ́ kí ẹ̀dá mọ nǹkan lára. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ẹsẹ Ifá, ṣé èyí yà yín lẹ́nu? Àìmọye ẹran àti ẹyẹ ló ń lọ dá Ifá nínú ẹsẹ, tí wọ́n ń sunkún ọmọ bíi tiwa. Ẹni tó lè sunkún àìríbí, ṣé kò ní mọ ìrora bíbí?

Ẹlẹ́dẹ̀ tó fẹ́ bímọ máa ń kó koríko jọ ṣe ìtẹ́. Ní àwọn oko ńlá kan, wọ́n á há a mọ́ àárín irin tí kò ti lè yí padà, kó má baà tẹ ọmọ pa. Ìdí wọn nìyẹn, kì í ṣe ìkà lásán. Síbẹ̀, á ṣì máa wa ilẹ̀ tí kò sí koríko.

Ọ̀dọ́ kan lè ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹran rúbọ, kí ló kàn yín?" Ó kàn wá ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹbọ ní àkókò rẹ̀, ó sì ní àdúrà tirẹ̀. Ìyà òru ọjọ́ yẹn kì í ṣe ẹbọ. Àìbìkítà mi ni. Ẹni tó so ẹran mọ́lẹ̀ ti gba ohun tí ì bá fi ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Gbèsè ló jẹ ẹ́.

Ní báyìí, bí oyún ẹran bá ti wọ oṣù karùn-ún, mo máa ń tú okùn rẹ̀, mo máa ń fún un ní igun tó dákẹ́ lẹ́yìn ilé, pẹ̀lú koríko gbígbẹ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo pe ọmọkùnrin yẹn. Mo ní, "Ó dùn ún. Mo gbọ́ ọ, mi ò dìde."