Owó Ló Pa Ọbẹ̀, Ọwọ́ Ló Sè É

Òwe tó sọ pé “ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á” kì í jìnnà sí ẹnu Yorùbá, nítorí pé kò sí ọjọ́ tí ẹnì kan kì í rí ohun tó wù ú, kí ẹlòmíràn sì rán an létí pé ohun náà kò ṣàdédé dára. Aṣọ tó jọni lójú, ilé tó gúnwà, ọmọ tó kàwé yege, ìnáwó tí àwọn àlejò ṣì ń ròyìn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo wọn ni a máa ń pa òwe yìí sí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé owó ló ń ṣe ohun gbogbo, àti pé kí ẹni tí kò ní owó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé òwe náà padà sí ibi tí wọ́n ti mú un wá, ìyẹn ìdí ààrò àti ojú àwo, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ gbèsè ló ń sọ ju ọ̀rọ̀ ọlà lọ: ó ń sọ fún ẹni tó ń jẹ pé ẹnì kan ti sanwó adùn tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì yẹ kí ó mọ ẹni náà.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ìtumọ̀ òwe náà rọ̀ mọ́. Èkíní ni “ọbẹ̀”, apá oúnjẹ tí ọgbọ́n àti ìnáwó pọ̀ sí jù lọ, nítorí pé òkèlè lè jẹ́ ọ̀kan náà nílé olówó àti nílé tálákà, kí ó jẹ́ pé ọbẹ̀ ni yóò fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Èkejì ni “dùn”, ìdájọ́ tó wà lọ́wọ́ ahọ́n ẹni tó ń jẹ, tí ẹni tó sè é kò lè dá fún ara rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni “pa”, èyí tó yẹ kí ó mú wa dúró díẹ̀, nítorí pé àwọn àgbà lè sọ pé owó ló ra ọbẹ̀ tàbí pé owó ló sè é, wọn kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Pípa jẹ́ iṣẹ́ ọdẹ. Ẹran tí ọdẹ bá pa, orúkọ rẹ̀ ni a ó máa dá níwọ̀n ìgbà tí a bá ń jẹ ẹ́, àmọ́ ẹran ìgbẹ́ tí ó gbé wálé kò tíì di ọbẹ̀ títí ọwọ́ mìíràn yóò fi bọ́ sí i, tí a ó fi wẹ̀ ẹ́, kí a gé e, kí a gbé e ka iná, kí a sì dúró tì í. Bí a bá fi ojú yìí wo òwe náà, owó ló pa ọbẹ̀, ọwọ́ ló sè é, ẹni tó bá sì san ti owó láì ka ti ọwọ́ sí, ìdajì gbèsè rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Ní Apẹtẹ, àdúgbò tó wà lẹ́yìn Pólì Ìbàdàn ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìdó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọlọ́kadà, bíríkìlà àti òṣìṣẹ́ tó ń jí lọ sí ìgboro ló ń jẹun ní búkà, ìyẹn ilé oúnjẹ kékeré tí ìkòkò wà níwájú, tí bẹ́ńṣì wà lẹ́yìn. Níbẹ̀ ni òwe yìí ti ń rí iṣẹ́ ṣe lójoojúmọ́. Oníbàárà á na àwo rẹ̀ padà, á ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu ọbẹ̀ díẹ̀ sí i,” ìyá alámàlà á sì dáhùn pé, “Ọmọ mi, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á,” ṣùgbọ́n bí ó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ṣíbí ń wọ inú ìkòkò, tí ìlàjì ṣíbí gbẹ̀gìrì yóò sì dà sórí àmàlà náà. Ẹni tó bá wo ìṣe yìí dáadáa yóò rí i pé òwe náà kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó tọrọ. Ó kàn jẹ́ kí ó mọ̀ pé ìlàjì ṣíbí yẹn ní ẹni tó san án, àti pé ẹni náà ni ìyá tó dúró síwájú rẹ̀.

Bí a bá fẹ́ ka iye tó pa ọbẹ̀ kan, àbùlà tó wà nínú àwo náà tó láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Àbùlà ni àmàlà tí a da gbẹ̀gìrì, ewédú àti ọbẹ̀ ata lé lórí, tí Ìbàdàn fi lókìkí. Èlùbọ́ tí a fi ro àmàlà ti jẹ́ iṣu tí a bó, tí a bọ̀ nínú omi gbígbóná, tí a fi sílẹ̀ mọ́jú, tí a sì sá sóòrùn títí ó fi gbẹ kórókóró, kí a tó lọ̀ ọ́. Gbẹ̀gìrì ti jẹ́ ẹ̀wà tí a rẹ, tí a fi ọwọ́ bó èèpo rẹ̀ kúrò, tí a sè títí ó fi rọ̀, kí a tó fi ìjábẹ̀, ọwọ̀ kékeré tí a ń lò nínú ìkòkò, já a kúnná. Irú tí òórùn rẹ̀ ń pe ènìyàn láti ojú títì ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù: wóró inú èso igi irú ni a sè fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí èèpo rẹ̀ tó lè gbà láti ṣí, tí a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ tàbí kí a rọra gún un lódó, tí a fi omi púpọ̀ ṣàn án, tí a tún gbé padà sórí iná, kí a tó bò ó mọ́ inú igbá fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta títí òórùn rẹ̀ yóò fi yọ. Gbogbo èyí ló parí sínú ẹ̀kúnwọ́ kan tí a jù sínú ìkòkò, tí ẹni tó ń jẹ kò ní rí mọ́, àmọ́ tí kò ní pẹ́ béèrè rẹ̀ bí kò bá sí níbẹ̀.

Owó ọbẹ̀ tún kọjá ohun tó wà nínú ìkòkò. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí òjò àrọ̀ìrọ̀dá sọ Ìbàdàn di omi, tí ẹ̀mí tó lé ní 100 sì bá a lọ, àgbàrá gbé afárá Apẹtẹ lọ, ọ̀nà tó so àdúgbò náà mọ́ ìgboro sì já. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ìjà tó gba ẹ̀mí bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tí èdè wọn yàtọ̀ ní ọjà Ṣáṣá, ọjà tí tòmátì àti ata ti ń wọ Ìbàdàn, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ti ọjà náà pa. Kí oṣù yẹn tó parí, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù ti dá ọkọ̀ tó ń kó ẹran àti àlùbọ́sà bọ̀ láti Òkè Ọya dúró. Ohun tí ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì kọ́ni ni pé afárá wà nínú iye ata, àlàáfíà àárín àwọn tó ń sọ èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì wà nínú iye àlùbọ́sà. Nítorí náà, nígbà tí ìyá alámàlà bá fi owó lé oúnjẹ rẹ̀, tí oníbàárà sì ń pè é ní ọ̀kánjúwà, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ronú lórí àwọn tí ìyá náà ń san owó fún láì tíì rí ojú wọn rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìwà ti wọ òwe náà gan-an ni ìbéèrè yìí: bí ẹni tó ń jẹ kò bá san iye tó pa ọbẹ̀, ta ló san án? Iye náà kì í pòórá, èjìká ló ń pààrọ̀. Nígbà mìíràn, èjìká olóúnjẹ ló ń bọ́ sí, tí yóò fi oorun òru àti èrè rẹ̀ dí i. Nígbà mìíràn, ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń fọ abọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́ láì gba owó tó tó ni yóò rù ú. Èyí tó burú jù ni kí ó padà sórí ara ẹni tó ń jẹ. Àjọ NAFDAC, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1993 láti máa ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn, ti kìlọ̀ fún àwọn tó ń ju pàrásítámọ̀ sínú ìkòkò kí ẹran tàbí ẹ̀wà lè tètè rọ̀, nítorí ewu rẹ̀ fún ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín, ó sì ti kìlọ̀ bákan náà nípa aró tí àwọn kan ń pò mọ́ epo pupa kí ó lè pọ́n. Ẹni tó ju oògùn sínú ẹran fẹ́ fi iná àti àkókò pamọ́. Ẹni tó da aró sínú epo fẹ́ ta ojúlówó láìní ojúlówó. Àwọn méjèèjì ń wá ọbẹ̀ tí owó kò pa, ara oníbàárà ni wọ́n sì fi ń san án láì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Olè ni èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí wọ́n jà lólè jẹun yó, tó sì dúpẹ́.

Apá kejì ìtumọ̀ náà, èyí tó kan ọwọ́, ni àṣìṣe inú ilé ìdáná ń fi hàn kedere. Ẹnì kan lè ra èlùbọ́ tó dára jù ní ọjà, kí gáàsì kún sílíńdà rẹ̀, síbẹ̀ tí ó bá da èlùbọ́ sínú omi tí kò tíì hó, àmàlà rẹ̀ yóò ní kókó, kò sì sí iye owó tó lè yọ kókó náà kúrò. Ẹni tó dé ìkòkò gbẹ̀gìrì pa nígbà tó ṣì gbóná, tí ó sì fi í sílẹ̀ mọ́jú, yóò bá a tó ti kan. Ẹ̀wà tó jó nídìí ìkòkò tún ń fi ọgbọ́n kún un: ẹni tí ojú ń kán yóò mú ṣíbí rò ó, òórùn jíjó yóò sì gba gbogbo ìkòkò kan, àmọ́ ẹni tó ní sùúrù yóò gbé e kalẹ̀, yóò rọra bu òkè rẹ̀ sínú ìkòkò mìíràn, yóò sì fi ìdí tó jó sílẹ̀. Owó kan náà ni àwọn méjèèjì ná. Ọwọ́ wọn ló yàtọ̀.

Èyí ló mú kí ìdájọ́ lórí àṣìṣe jẹ́ ìdánwò fún ẹni tó bá ń pa òwe yìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jọ ń gbé yàrá kan sábà máa ń dá owó jọ láti se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ẹni tó lọ sọ́jà, tó lọ ata, tó sì dúró ti iná. Bí ọbẹ̀ náà bá kan nítorí pé iná ìjọba kò wá fún ọjọ́ méjì, àwọn yòókù lè fẹ́ kí ó dá owó wọn padà, kí wọ́n máa sọ pé owó àwọn ló pa ọbẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni, nítorí pé ìdókòwò tiwọn nìkan ni wọ́n kà. Ẹni tó sè é pàdánù owó tirẹ̀ bíi tiwọn, ó sì tún pàdánù wákàtí mẹ́rin tí kò sí ẹni tó bá a dá. Ìdájọ́ tó bá òwe náà mu ni pé kí wọ́n jọ ru àdánù owó, kí wọ́n sì tún kí i pé ó kú wàhálà. Bí ó bá jẹ́ pé àìbìkítà rẹ̀ ló fà á, kí wọ́n bá a wí, síbẹ̀ kí wọ́n má ṣe bí ẹni pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ rí.

Ẹnì kan lè takò ó pé ọbẹ̀ tálákà máa ń dùn, pé ẹ̀fọ́ tí a já lẹ́yìnkùlé, tí a fi irú àti epo díẹ̀ sè, lè borí ọbẹ̀ ẹran mẹ́fà ní ilé oúnjẹ ńlá. Àtakò náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kò sì wó òwe yìí, nítorí pé ẹni tó gbin ẹ̀fọ́, tó bomi rin ín, tó já a láàárọ̀ kùtù, ti san owó rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Ẹni tí àtakò náà bá wí ni ẹni tó ń fi òwe náà ṣe ìbòjú fún owó gọbọi, tó gbà pé bí oúnjẹ òun bá ti wọ́n, ó di dandan kí ó dùn. Ọbẹ̀ tó dùn ni òwe náà sọ pé owó pa. Kò sọ pé gbogbo ọbẹ̀ tí owó bá pa ni yóò dùn. Ní Bódìjà, àwọn ènìyàn fi orúkọ báńkì Skye pe búkà alámàlà kan tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ní ọdún 2018, Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì náà, àmọ́ Àmàlà Skye ṣì ni àwọn ènìyàn ń pe búkà náà. Ilé owó kásẹ̀ nílẹ̀, ọwọ́ tó ń ro àmàlà ni kò jẹ́ kí orúkọ náà parẹ́.

Yorùbá tún sọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ìgbà tí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Bí a bá so òwe yìí mọ́ ti àkọ́kọ́, a ó mọ ìdí tí èdè náà fi ní ìkíni méjì fún oúnjẹ kan ṣoṣo. Níbi ìnáwó, ẹni tó jẹun tán á kí olóde pé, “Ẹ kú ìnáwó o,” olóde á sì dáhùn pé, “A ó ṣe tiyín náà.” Ìkíni yẹn wà fún ẹni tí owó rẹ̀ pa ọbẹ̀. Lẹ́yìnkùlé, níbi tí èéfín wà, àwọn alásè ń fọ ìkòkò, ojú wọn ti pọ́n, ọ̀pọ̀ wọn kò sì tíì fi nǹkan kan kan ẹnu. “Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà” ni ìkíni tiwọn. Ẹni tó kí olóde, tó sì gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá láì yà kí àwọn tó wà nídìí iná, kò tíì san gbèsè ọbẹ̀ tó jẹ.