KÍ NI ỌMỌ NÁÀ YÓÒ FI BORA?

*Ẹ kà:* Ẹ́kísódù 22:26-27. 1 Àwọn Ọba 3:16-28

  

Ẹ wo òfin kékeré kan tí Ọlọ́run fún Mósè. Bí ẹ bá gba aṣọ aládùúgbò yín ní ìdógò nítorí owó tí ẹ yá a, ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà kí oòrùn tó wọ̀, torí òun nìkan ni ẹni náà ní láti fi bora. Ẹ gbọ́ o: Ẹni tó dá ọ̀run òun ayé ń ronú nípa aṣọ ìbora ajigbèsè! Mélòómélòó wá ni ti ọmọ jòjòló tí kò lè fa aṣọ mọ́ra, tí kò sì lè sọ pé òtútù ń mú òun.

Ọyẹ́ ti dé. Láti Ṣakí dé Ògbómọ̀ṣọ́, oòrùn ọ̀sán á máa jó ni lórí, ṣùgbọ́n tó bá di aago mẹ́rin ìdájí, kálukú á máa wá aṣọ. Ìgbà yẹn gan-an ni ìfẹ́ tí kò ní ọgbọ́n máa ń ṣọṣẹ́.

A fẹ́ràn láti máa wàásù ọgbọ́n Sólómọ́nì, àmọ́ a máa ń yára kọjá ẹsẹ 19. Ìyá kan sùn lé ọmọ rẹ̀ lórí lóru, ọmọ sì kú. Irọ́ àti olè tó tẹ̀ lé e burú, ṣùgbọ́n lóru yẹn, oorun lásán ló gbé e lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin tí gbogbo ilé ń há mọ́ra lórí bẹ́ẹ̀dì kan nítorí òtútù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ìkókó ní àyè tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni èédú. Àwọn kan máa ń gbé àdògán wọ yàrá kí ilé lè móoru, wọ́n á sì ti fèrèsé pa. Èédú tó pọ́n dẹ́dẹ́, tí kò rú èéfín mọ́, òun gan-an ló ń tan ni jẹ. Afẹ́fẹ́ olóró kan ń jáde lára rẹ̀ tí kò láwọ̀, tí kò lóòórùn, tí kì í ta ni lójú. Carbon monoxide ni wọ́n ń pè é. Kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbé afẹ́fẹ́ tó yẹ kiri ara. Ẹni tó ń sùn kò ní wúkọ́, kò ní jí. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń ṣe bákan náà. Ẹ má sọ pé ẹ ti gbàdúrà lé e lórí. Ta ló ní kí Jésù bẹ́ sílẹ̀ láti orí tẹ́ńpìlì, kí áńgẹ́lì lè gbé e? Èṣù ni.

Kí la wá máa ṣe? Aṣọ ara ni kí ẹ gbójú lé. Ẹ wọ ọmọ náà ní aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ju iye tó tó ẹ̀yin fúnra yín, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ kó kọjú sókè, ẹ má fi nǹkan bò ó lójú. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò nílò ìrọ̀rí tàbí búláńkẹ́ẹ̀tì wúwo. Ẹ má fi ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ bóyá òtútù ń mú un, ọwọ́ ọmọ sábà máa ń tutù. Àyà tàbí ẹ̀yìn ọrùn ni kí ẹ fọwọ́ kàn. Bó bá ń làágùn níbẹ̀, ẹ bọ́ ọ̀kan kúrò. Ẹni tó bá fi rọ́bà omi gbígbóná mú bẹ́ẹ̀dì yá, kó yọ ọ́ kó tó tẹ́ ọmọ sí i. Ọmọ ńlá tó bá sì tọ̀ sílé, ẹ pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ lóru náà. Ìbáwí lè dúró, òtútù kì í dúró.

Ìkókó tí kò tóbi tó ńkọ́? Ẹ rántí Èlíṣà àti ọmọ ará Ṣúnémù: ara ènìyàn ni Ọlọ́run fi mú ara ọmọ náà gbóná. Ní 1978, ní ìlú Bogotá, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í so irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ àyà ìyá wọn, ara sí ara, torí ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ móoru kò tó. Ẹ̀yin náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n kí ojú yín là sílẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá ṣì tutù, tí kò sì fẹ́ mu ọmú, ilé ìwòsàn ni o, lóru yẹn náà.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ọdọọdún ni Hánnà ń mú ẹ̀wù kékeré lọ fún Sámúẹ́lì, torí ọmọ ń dàgbà. Súwẹ́tà tí ọmọ yín wọ̀ lọ́yẹ̀ẹ́ èṣí kò gbà á mọ́, àbí? Ó ń bẹ nínú àpótí. Ọmọ kan ń bẹ ládùúgbò yín tó máa wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Ẹ gbé e fún ìyá rẹ̀ kí oòrùn òní tó wọ̀.

*Àdúrà:* Bàbá, lálẹ́ òní, ṣọ́ àwọn ọmọ wa lórí ẹní wọn. Fún àwa tí a tẹ́ wọn sùn ní ọgbọ́n. Ní orúkọ Jésù. Àmín.