Owó-orí tí A Fi Ji Ilé-iṣẹ́: Ta Ni Ó Ń San Án?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́ àti àwọn akọ̀wé nígbà tí oṣù bá parí. Wọn a wí pé, "A ti yọ owó-orí kúrò nínú owó oṣù wa kí ọwọ́ wa tó kàn án, ṣùgbọ́n ọlọ́rọ̀ tí ó kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá sí ẹ̀yìn ìlú, ìjọba ní kí ó má san án fún ọdún mélòó kan. Ǹjẹ́ èyí tọ́?" A kò gbọdọ̀ ka ìbéèrè yìí sí ti onílara. Ìbéèrè lórí òdodo ni, ó sì yẹ kí á fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé iṣẹ́ òòjọ́ àwọn ọmọ wa wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbà pé owó-orí dà bí ẹrù tí gbogbo ará ilé jọ ń rù. Bí a bá ní kí ẹnìkan yọ orí rẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀, ẹrù náà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ fúyẹ́. Àwọn tí ó kù ni ìwúwo rẹ̀ bọ́ sí lórí. Yálà kí wọ́n san púpọ̀ sí i, tàbí kí wọ́n ṣe aláìní ọ̀nà, ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn tí owó náà ìbá ṣe. Nítorínáà ẹni tí ó bá wí pé owó-orí tí a fi ji ẹnìkan kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, kò sọ òtítọ́. Ohun tí ó kù láti bèèrè ni pé: ẹni tí a sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ fún, kí ni yóò fi ọwọ́ rẹ̀ tí ó ṣófo náà ṣe?

Àwọn tí ń gbèjà ìdásílẹ̀ yìí ní ohun tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ láti sọ. Ẹni tí ń ra aṣọ ní òkèèrè wá tà lè rí èrè rẹ̀ láàrin oṣù díẹ̀. Bí ọjà náà kò bá sì yá, ó lè fi í sílẹ̀ kí ó lọ ta bàtà. Òtítọ́ ni pé òun náà ń san owó-orí lórí èrè rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó fi wewu kò pọ̀. Ẹni tí yóò hun aṣọ níhìn-ín ní láti ra ilẹ̀, kí ó kọ́lé, kí ó ra ẹ̀rọ, kí ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́, kí ó sì dúró fún ọdún púpọ̀ kí owó rẹ̀ tó padà bọ̀ sí i lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tí a ti rì mọ́ ilẹ̀ kò ṣeé gbé sá. Bí olúwarẹ̀ bá ṣírò, tí ó rí i pé ìjọba yóò mú 30 náírà nínú gbogbo 100 náírà èrè tí ó bá jẹ, láìka àwọn owó mìíràn tí yóò san, ó lè wí pé òun yóò kúkú máa ra ọjà òkèèrè tà. Ìṣirò yìí, tí ẹnìkan jókòó ṣe nínú yàrá rẹ̀, ni ó ń pinnu bóyá ọgọ́rùn-ún ọ̀dọ́ yóò rí iṣẹ́ tàbí wọn kì yóò rí.

Nítorí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ṣe òfin kan ní Nàìjíríà ní 1952, láti ran àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó jẹ́ aṣáájú lọ́wọ́. A tún un ṣe ní 1958, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1971. Gẹ́gẹ́ bí òfin 1971 ti wí, ilé-iṣẹ́ tí a bá kà sí aṣáájú yóò bọ́ lọ́wọ́ owó-orí èrè fún ọdún mẹ́ta, a sì lè fi ọdún méjì kún un. Nígbà tí òfin àkọ́kọ́ ṣì jẹ́ tuntun ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún àwọn ilé-iṣẹ́. Ní 1960 ni a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò. Àwọn tí ó wọ ẹnu-ọ̀nà ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nìkan kọ́ ni ó ń jẹ nínú rẹ̀. Ìyá tí ń se oúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà ń jẹ níbẹ̀, awakọ̀ ń jẹ níbẹ̀, onílé tí ń gba owó yàrá àti télọ̀ tí ń rán aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ń jẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn wọ̀nyí kò sí nínú ìwé owó oṣù ilé-iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá pa ilẹ̀kùn dé, ebi yóò pa wọ́n.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń rò pé owó-orí kò lè ní ọwọ́ nínú ibi tí iṣẹ́ yóò gbé wà, kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Íńdíà. Ní 1896 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣàkóso ibẹ̀ sọ owó-ibodè lórí aṣọ òwú tí ń ti òkèèrè wọlé di 3½ nínú 100. Àwọn aláṣọ Lancashire kò fẹ́ kí owó yìí di odi fún àwọn ilé ìhunṣọ Íńdíà. Nítorínáà ìjọba fi iye kan náà, 3½ nínú 100, lé aṣọ tí ẹ̀rọ àwọn ará Íńdíà hun nílé ara wọn. Ó di 1925 kí a tó dá a dúró. Ohun tí a rí kọ́ ni pé owó-orí lè jẹ́ irinṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ kí o ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Bí ó bá lè fa iṣẹ́ sẹ́yìn, ó lè tì í síwájú pẹ̀lú.

Títí dé ibí yìí, ó dà bí ẹni pé àre wà lọ́dọ̀ onílé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, Puerto Rico sì ni ẹ̀rí rẹ̀. Erékùṣù ni ní òkun Kàríbíà, lábẹ́ àṣẹ Amẹ́ríkà. Láti 1976 òfin Amẹ́ríkà fi owó-orí àpapọ̀ ji àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lórí èrè tí wọ́n bá jẹ níbẹ̀, àwọn tí ń ṣe oògùn sì rọ́ lọ síbẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ní 1996 àwọn aṣòfin pinnu láti fòpin sí i díẹ̀díẹ̀ láàrin ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí ó fi máa parí ní 2006, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti lọ, ọrọ̀ ajé erékùṣù náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn ní ọdún yẹn gan-an, fún ìgbà pípẹ́. A kò wí pé ìdí kan ṣoṣo nìyí, nítorí gbèsè ńlá náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá sí ilé wa nítorí àsè nìkan, bí àwo bá ti ṣófo ni yóò dìde.

Nílé wa náà, a ti rí i pé a lè fi owó-ibodè gbèjà iṣẹ́ kí èrò wa má sì ṣẹ. Ní 2013 ìjọba Nàìjíríà kéde ìlànà kan kí a lè máa to ọkọ̀ pọ̀ nílé. Owó-ibodè lórí ọkọ̀ di 35 nínú 100, a sì ní kí a fi 35 mìíràn kún un. Àwọn kan dá ilé ìtọ́kọ̀pọ̀ sílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ gba Kútọnu wọlé ní ọ̀nà fàyàwọ́, ìjọba kò rí owó, òṣìṣẹ́ kò rí iṣẹ́ tí a ṣèlérí. Ní 2021 ni a dín àfikún náà kù.

Ti sìmẹ́ńtì yàtọ̀. Láti 2002 ìjọba là á sílẹ̀ pé ẹni tí ń kọ́ ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì nílé ni a ó fún láṣẹ láti kó o wọlé láti òkèèrè. Ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kogí ní 2007, òmíràn ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní 2012. Ilẹ̀ tí ó ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kó sìmẹ́ńtì wọlé di ilẹ̀ tí ń tà á fún àwọn aládùúgbò rẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun kékeré, ó sì yẹ kí á yìn ín. Síbẹ̀ ẹni tí ń kọ́lé mọ̀ pé owó àpò sìmẹ́ńtì kò rọlẹ̀ bí a ti retí, nítorí pé àwọn tí ń ṣe é kò pọ̀. Ará ìlú ti ru ẹrù náà lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan nígbà tí a dá owó-orí sí, lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí ó dé ọjà.

Kí á má sì ṣe rò pé owó-orí nìkan ni oògùn. Olórí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà sọ ní 2019 pé ní nǹkan bí 1970 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1980, ilé ìhunṣọ wa lé ní 180, àwọn òṣìṣẹ́ inú wọn sì tó 450,000. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀, wọn kò tó 20,000 mọ́. Àwọn ilé ìhunṣọ wọ̀nyẹn kò kú nítorí owó-orí nìkan. Iná mànàmáná kò dúró, ẹ̀rọ gbó, fàyàwọ́ kún ọjà. Ẹni tí ó ń fi epo ara rẹ̀ ṣe iná ń san owó-orí kan tí a kò kọ sínú ìwé òfin kankan.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á wo àwọn kéékèèké, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà gbé dùn wá jù. Aládìrẹ ní Abẹ́òkúta, ìyá tí ń fi ẹ̀rọ lọ gbágùúdá, alágbẹ̀dẹ tí ń rọ ilẹ̀kùn irin, oníṣẹ́ ọwọ́ ni gbogbo wọn, wọ́n sì ń gba ọmọ-iṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó pè wọ́n ní aṣáájú. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni ìwé owó lẹ́yìn ìwé owó: ti ìjọba ìbílẹ̀, ti ìpínlẹ̀, ti ẹgbẹ́, àti ti àwọn tí ó na igi dínà. Láti 1998 ni òfin ti wà tí ó to àwọn owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà lẹ́sẹẹsẹ, tí ó sì kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti dínà nítorí owó-orí. Bí òfin náà ti ń ṣiṣẹ́ tó, kí ẹni tí ó bá gbé gàrí láti oko dé Èkó dáhùn. Àgbà wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọwọ́ onílé-iṣẹ́ ńlá lè kan ẹ̀rọ ńlá; ṣùgbọ́n oníṣẹ́ kékeré ni ọwọ́ rẹ̀ wọ inú abúlé, tí ó ń fún ọmọ aládùúgbò ní iṣẹ́.

Ìdí nìyí tí inú wa fi dùn díẹ̀ sí òfin owó-orí tuntun tí a fọwọ́ sí ní 2025, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026. Ilé-iṣẹ́ kékeré tí àpapọ̀ ọjà rẹ̀ lọ́dún kò ju 100 mílíọ̀nù náírà, tí ohun ìní rẹ̀ kò sì ju 250 mílíọ̀nù, kò ní san owó-orí èrè. Owó-orí ọjà tí onílé-iṣẹ́ san nígbà tí ó ra ẹ̀rọ, tí ó ti ń di àdánù fún un tẹ́lẹ̀, ó lè yọ ọ́ báyìí nínú èyí tí yóò san fún ìjọba. Ètò ti 1971 náà sì kógbá wọlé: dípò kí a fi gbogbo èrè sílẹ̀ fún aṣáájú, iye owó tí ó bá ná ní tòótọ́ sórí ilé àti ẹ̀rọ ni a ó wò, a ó sì dín 5 nínú 100 rẹ̀ kù nínú owó-orí rẹ̀ lọ́dọọdún fún ọdún márùn-ún. A fẹ́ kí òǹkàwé ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ yìí. Ti àtijọ́ ń san ẹ̀san fún èrè. Ti ìsinsìnyí ń san ẹ̀san fún ohun tí a ti gbìn.

Kí wá ni ìdájọ́ wa? Àwa kò lè wí pé ó burú láti sọ ẹrù kalẹ̀ fún ẹni tí ń fi ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ilé tí gbogbo wa yóò wọ̀. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni a ní láti bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Èkínní, kí ó jẹ́ ní gbangba, kí ará ìlú mọ ẹni tí a fi owó jì àti iye rẹ̀. Èkejì, kí ó ní òpin, kí ọmọ tí a gbé pọ̀n lè kọ́ láti rìn. Ẹ̀kẹta, kí iṣẹ́ àwọn ènìyàn jẹ́ èso rẹ̀, kí a sì ka èso náà. Bí kò bá so, kí a gbé ẹrù padà lé e lórí. Ohun tí a fi jì í láìsí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, olùkọ́ àti aládìrẹ ni a gbà á lọ́wọ́ wọn.

Kí àwa náà má sì gbàgbé ara wa. Ẹni tí ó ra ọjà fàyàwọ́ nítorí pé ó dínwó, tí ó sì ń sọkún ní ọ̀sẹ̀ kejì pé ọmọ òun tí ó ti jáde ìwé kò ríṣẹ́, kí ó rántí pé ọwọ́ òun náà wà nínú pípa ilẹ̀kùn ilé-iṣẹ́ náà dé. Bí a bá fẹ́ kí ìjọba ṣe òdodo lórí owó-orí, ó yẹ kí á bẹ̀rẹ̀ òdodo náà láti inú apẹ̀rẹ̀ tí a gbé lọ sí ọjà.