Iṣẹ́ Wo Ni Ó Yẹ Kí Ọmọ Yín Kọ̀?



Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ tí ó ti gba oyè nínú ìmọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì, àti nínú iṣẹ́ àwòrán, ohùn àti fídíò tí a ń fi kọ̀ǹpútà ṣe. Ìbéèrè yín ni pé: ǹjẹ́ iṣẹ́ wà níbẹ̀? Iṣẹ́ wà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì tí wọ́n kàwé ní Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ ni wọ́n dá Paystack sílẹ̀ ní Èkó. Ní 2020, ilé-iṣẹ́ Stripe ti Amẹ́ríkà rà á ní iye tí a ní ó ju 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ti àwọn wọ̀nyí ṣe òdiwọ̀n, nítorí ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ náà há. Andela, tí a dá sílẹ̀ ní 2014 láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kíkọ ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun, dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2019, nítorí àwọn oníbàárà ń fẹ́ àwọn tí ọwọ́ wọn ti dá ṣáṣá. Láti ìgbà tí ChatGPT sì ti jáde ní ìparí 2022, ẹ̀rọ pàápàá ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ tí a fi ń kọ́ ọmọṣẹ́. Nítorí náà, ọdún kan tàbí méjì lè kọjá lórí akẹ́kọ̀ọ́jáde nílé. Àkókò yẹn ni ìbéèrè tí ó le jù ń dé: iṣẹ́ wo ni ó yẹ kí ó kọ̀?

Èmi kò sọ ti ẹni tí ń lu jìbìtì. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 ti dá ẹjọ́ onítọ̀hún. Ọmọ tí mo ń sọ kò jalè. Àwòrán ni ó ń yà. Oníbàárà kan dé, ó ní kí ó ṣe ojú-ìwé kan tí yóò jọ ti ilé ìfowópamọ́ kan délẹ̀délẹ̀, ó sì ka owó tí ó tó ti oṣù mẹ́ta sílẹ̀. Kò sọ ohun tí yóò fi ṣe. Ọmọ náà kò sì bèèrè. Yóò ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo tà." Ẹ wá wo ẹni tí ń rọ kọ́kọ́rọ́, tí a gbé ọṣẹ tí a tẹ kọ́kọ́rọ́ onílé sí lára wá fún lóru, tí a ní kí ó rọ irú rẹ̀. Ṣé kò mọ̀ ni? Ó mọ̀ pé bí òun bá bèèrè, yóò di dandan kí òun kọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi bèèrè. Irú àìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Mo gbà pé ìyà lè dín ẹ̀bi kù, ṣùgbọ́n kò lè sọ ibi di rere.

Ta ni ó sì ń lé ọmọ náà dé ibẹ̀? Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́. Nígbà tí ó ń gba owó táṣẹ́rẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, ẹ ń fi ọmọ àdúgbò tí ó ra ọkọ̀ wé e. Nígbà tí òun náà ra ọkọ̀, kò sí ẹni tí ó bi í pé ta ni ó gbé iṣẹ́ fún un. Àwọn baba wa kúkú ti sọ pé ẹni tí ó jí epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Ẹ bọ́ ọmọ yín ní ọdún méjì yẹn, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti bọ́ ọ nígbà tí ó wà nílé-ìwé. Mo mọ̀ pé owó dátà àti epo jẹnẹrétọ̀ kò kéré. Síbẹ̀, kò tó owó lọ́yà.