Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ọmọ tó bá dúró ṣanṣan kí àgbàlagbà níta, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń bú. Ìyàwó tó bá mọ àlejò ṣe, ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń yìn. Ohun tí Yorùbá ní lọ́kàn nìyẹn tí wọ́n bá ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, kò sì sí ẹni tí ìtumọ̀ rẹ̀ rú lójú. Ohun tí a kì í sábà rò débẹ̀ ni ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, àti ohun tó ń bá ẹni tó ròde lọ́wọ́ òfo.

Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n, ìyẹn àwọn tó ń gbé inú ọkọ̀ ojú omi onígbòkun. Ní Annapolis, ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, a máa ń rí ẹni tó fẹ́ wa ọkọ̀ rẹ̀ kọjá òkun lọ́jọ́ iwájú, tó wá kó sínú rẹ̀ báyìí. Ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ń dáná, ibẹ̀ ló ti ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tó bá sì dé lálẹ́, á tún máa tún ọkọ̀ náà ṣe. Ẹ́ńjìnì sábà máa ń wà lẹ́yìn àtẹ̀gùn tí wọ́n ń gbà wọlé. Ọjọ́ tó bá fẹ́ tú u, àfi kó yọ àtẹ̀gùn kúrò. Ẹni tó wà nínú kò ní ráyè jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹni tó wà níta kò ní ráyè wọlé, títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Ilé irú ẹni bẹ́ẹ̀ náà ni yóò gbé e ròde. Kò lè sọ pé òun gbàgbé nǹkan sílé kí òun pa dà lọ mú un. Ohun tí kò bá sí nínú ọkọ̀, kò ní in nìyẹn.

Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n á tú okùn, wọ́n á ta ìgbòkun, wọ́n á gba orí omi Chesapeake lọ. Omi náà fẹ̀, àmọ́ kò jìn. Tí a bá da ibi tó jìn pọ̀ mọ́ ibi tí kò jìn, bíi mítà 6 ni. Ẹrẹ̀ ló sì pọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, ọkọ̀ tó bá fara gbálẹ̀ kì í sábà fọ́. Wọ́n á yà sí ọ̀sà kékeré kan, wọ́n á ju ìdákọ̀ró sómi, wọ́n á sì tú okùn rẹ̀ tó ìlọ́po 5 sí 7 ìjìnlẹ̀ omi, kó má baà tu tí atẹ́gùn bá dé lóru. Lọ́jọ́ Àìkú, ó di èbúté.

Ẹni tó ń wò wọ́n á ní fàájì ni. Fàájì ni lóòótọ́, àmọ́ ìdánwò wà nínú rẹ̀. Ẹ wo táǹkì dísẹ́ẹ̀lì. Bí ọkọ̀ bá pẹ́ lórí ìso, ìdọ̀tí inú epo á rọ̀ sísàlẹ̀, á dákẹ́ síbẹ̀. Tí wọ́n bá tan ẹ́ńjìnì ní èbúté, yóò dún geere. Ọjọ́ tí ìgbì bá mi ọkọ̀ ni ìdọ̀tí yẹn ń ru sókè, tó ń dí fílítà, tí ẹ́ńjìnì ń kú lásìkò tí wọ́n nílò rẹ̀ jù. Omi mímu náà ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí rọ́bà omi wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní èbúté kò lè mọ iye omi tí òun ń lò, àfi lálẹ́ ọjọ́ Sátidé tí ẹ̀rọ omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́.

Níbí ni òwe náà ti jìn ju bí a ṣe ń lò ó lọ. Ilé nìkan kò lè sọ fún ni bóyá ẹ̀ṣọ́ pé, nítorí ilé a máa bo ni láṣìírí. Òde kékeré tí àbọ̀ rẹ̀ kò jìn ló ń fi ohun tó kù hàn, nígbà tí àtúnṣe ṣì ṣeé ṣe. Ẹni tó bá sì ní òun kò ní kúrò ní èbúté àfi tí gbogbo nǹkan bá pé, tó ń kun ọkọ̀ ní ọ̀dà lọ́dọọdún tí kò tú okùn rí, òun náà kò tẹ̀ lé òwe yìí. Ẹ̀ṣọ́ tí kò ròde, ẹrù lásán ni.

Ẹni tó ròde lọ́wọ́ òfo wá ńkọ́? Lọ́dún 1968, ìwé ìròyìn Sunday Times ní Ìlú Ọba gbé ìdíje kan kalẹ̀ pé kí ènìyàn dá nìkan wa ọkọ̀ ìgbòkun yí ayé po láìdúró níbì kankan. Ọkùnrin 9 ló gbéra, Donald Crowhurst sì wà lára wọn. Ó ti fi ilé àti ilé iṣẹ́ rẹ̀ dógò nítorí ọkọ̀ náà, ẹ̀yìn kò ṣeé pa dà sí. Nígbà tí wọ́n ń wà á láti Norfolk lọ sí Teignmouth ní Ìlú Ọba níbẹ̀, ìrìn tí wọ́n fojú sí ọjọ́ 3 gbà wọ́n tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Òde kékeré ti sọ̀rọ̀, àmọ́ àyè àtigbọ́ kò sí mọ́. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ni gbèdéke àtigbéra, ọjọ́ náà gan-an ló sì lọ. Rọ́bà tí yóò fi máa fa omi jáde nínú ọkọ̀ kò sí lára ẹrù rẹ̀. Nígbà tó hàn sí i pé ọkọ̀ náà kò lè la Òkun Gúúsù já, ó ń rìn kiri lórí Àtìláńtíìkì, ó sì ń fi rédíò sọ pé òun ti dé ibi tí òun kò dé.

Èmi kò ní pè é ní ẹni ibi. Òde a máa béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni, ẹni tí kò bá sì kó nǹkan kan láti ilé yóò wá ohun tí yóò fi ṣe ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀. Irọ́ ló máa ń tètè bọ́ sí i lọ́wọ́. Bí irọ́ bá sì lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Lọ́jọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1969, wọ́n rí ọkọ̀ Crowhurst lójú agbami, kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Robin Knox-Johnston nìkan ló parí ìdíje náà, lẹ́yìn ọjọ́ 312. Suhaili, ọkọ̀ rẹ̀, kéré, kò sì yára. Àmọ́ ó ti wà á láti Íńdíà tí wọ́n ti kàn án dé Ìlú Ọba kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ń jò lójú òkun, ó bọ́ sómi, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ dí àárín pákó. Ẹ̀bùn £5,000 tó tọ́ sí i, ìdílé Crowhurst ló kó o fún.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe yìí mọ́ ìwà ju mọ́ aṣọ lọ. Wọ́n lè kọ́ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń dí ihò ọkọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí ẹni tó ń kọ́ ìwà ọ̀làwọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé owó lé e lọ́wọ́. Ìyẹn gbọ́dọ̀ ti wà nínú ẹrù kó tó kúrò nílé.